Ṣé kànìnkànìn inú òkun lẹ́mìí lóòótọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń kàwé bàọ́lọ́jì ní yunifásítì níbí sọ pé ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ni kànìnkànìn òkun, pé bakitéríà ló kún inú ẹ̀. Èmi tí mò ń ta kànìnkànìn l'Ódò-Ògbè, mi ò rí èyí tó ń mí rí! — Ìyá Oníkànìnkànìn, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe irú tiyín, ara igi ni wọ́n ti bó tiyín, wọ́n lù ú, wọ́n sá a, ó parí. Tòkun yẹn, ẹranko ni, kò lójú kò nínú, ó kàn lẹ̀ mọ́ àpáta, ó ń fa omi gba ihò wẹ́wẹ́ wọlé ó sì ń tì í jáde lókè, kílò kan lè sẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà lóòjọ́. Ó ń jẹ bakitéríà inú omi yẹn o, àmọ́ àwọn kan wà tí kì í jẹ, ayálégbé ni wọ́n, nínú oríṣi kan wọ́n lè tó bí ìdá 35 nínú 100 ara ẹ̀. Háà, ta wá lonílé báyìí?

Wọ́n ń sanwó ilé ṣá. Àwọn kan ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣoúnjẹ fún un, àwọn kan ń palẹ̀ ìdọ̀tí ẹ̀ mọ́, àwọn kan ń ṣe kẹ́míkà tí ò ní jẹ́ kí ẹja jẹ ẹ́. Ọdún 2014 ni wọ́n rí i pé bakitéríà Entotheonella ló ń ṣe ọ̀pọ̀ kẹ́míkà inú oríṣi kànìnkànìn òkun kan tó ń jẹ́ Theonella swinhoei. Ẹ má bẹ̀rù bakitéríà jù, àwọn náà ló ń kan ògì yín.