Ìkòkò Tábà Funfun Tó Ń Pọ́n Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Mo ní ìkòkò tábà funfun kan tí wọ́n fi òkúta tí wọ́n ń pè ní meerschaum gbẹ́. Wọ́n ní bí mo bá ṣe ń mu ún ni yóò máa pọ́n bí oyin. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣì funfun, àpá ìka sì hàn níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Òǹkàwé yín, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ọwọ́ yín ló fà á. Ìda oyin ni wọ́n fi ń kun òkúta yìí lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán. Ooru á yọ́ ìda náà, òróró inú èéfín á bá a wọ ara òkúta, àwọ̀ á sì yọ síta. Ẹ bá fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ nígbà tó gbóná, ìda á lẹ̀ mọ́ ìka yín, ojú ibẹ̀ á sì ṣá. Ọ̀pá rẹ̀ ni kí ẹ máa dì mú. Ti ìsàlẹ̀ tó ṣáájú kì í ṣe àléébù. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ yọ́ ìda oyin díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́ síbi tó funfun nígbà tí ìkòkò bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò.

Ẹ má jẹ́ kí èédú dì mọ́ inú rẹ̀ bíi ti ìkòkò onígi. Bó bá nípọn, ooru á mú un fẹ̀, òkúta á sì là. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe omi, nítorí omi ń sọ ọ́ di rírọ̀. (Eskişehir ní Tọ́kì ni wọ́n ti ń wa òkúta náà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ òkè Olósùnta yín; bó bá gbẹ, ó lè léfòó lórí omi.) Ẹ má sì yọ ọ̀pá nígbà tó gbóná: ọrùn rẹ̀ á kán.