Omi kíkan tí kò jẹ́ kí ènìyàn sùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sleeve

Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin. Ẹ ní ó ti lé ní ọdún kan tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ sleeve, èyí tí wọ́n fi ń dín ikùn kù kí ẹni tó sanra lè fọn, pé ara yín ti fúyẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n omi kíkan kò yé ru sókè sí yín lọ́fun lóru bí ẹ tilẹ̀ ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì (omi kíkan inú ikùn) kù, àti pé àwọn ará ilé ní kí ẹ máa fi omi ewúro àti kánún pa á. Èkó ni wọ́n ti ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ní Òṣogbo níbí ni mo ti bá ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ jà fún ìgbà pípẹ́.

Kì í ṣe ọbẹ̀ ata nìkan ló ń fa èyí. Nínú sleeve, wọ́n máa ń gé nǹkan bí ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún àpòlúkù kúrò, èyí tó kù á sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Apá òkè tí wọ́n gé dànù yẹn ló máa ń fẹ̀ nígbà tí a bá ń jẹun. Nígbà tí kò sí mọ́, ohun tó wà nínú ikùn kò rí àyè, òkè ló ń tì sí, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan tó ń dé ẹnu àpòlúkù lè ti dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí àyà kò ta rí fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní in lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní wọ̀bìà nítorí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe ń lo oògùn yẹn. Omeprazole kì í ṣe ohun tí à ń gbé mì nígbà tí àyà bá ti ń ta. Oúnjẹ ló ń jí àwọn ibi tí ásíìdì ti ń sun, oògùn náà sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó jí. Ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ ni, nígbà tí inú ṣófo. Bí òru bá ṣì le, dókítà lè fi ìkejì kún un ṣáájú oúnjẹ alẹ́, tàbí kí ó fún yín ní famotidine, oògùn ásíìdì mìíràn, nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Gaviscon olómi lẹ́yìn oúnjẹ ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, torí ó ń léfòó lórí ohun tó wà nínú ikùn, ó sì ń dí ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá máa lo omeprazole pẹ́ ní láti máa yẹ vitamin B12, magnesium àti irin inú ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì ń lo calcium, ti citrate ni kí ẹ béèrè, nítorí pé ásíìdì ni ti carbonate nílò kí ó tó wọ ara dáadáa.

Òru ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹni tó ń tajà ní Ìgbọ̀nà yóò palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, yóò dúró de ọkọ̀ ní Ọláìyá, yóò délé jẹ àmàlà ní aago 9, yóò sì wọlé sùn. Sleeve kò gba irú èyí. Ó kéré tán, kí wákàtí 3 wà láàárín oúnjẹ àti ìdùbúlẹ̀, nítorí náà ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ni mo ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín tèmi. Káfíńtà bá mi fi igi gbé bẹ́ẹ̀dì sókè níhà orí ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí tí a tò jọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, ikùn ló máa ń ká, tí á tún fún omi náà sókè. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ fi lélẹ̀. Ohun méjì tún wà tí dókítà kankan kò sọ fún mi: ìró tí a wé mọ́ ìdí gírígírí, àti ìforíkanlẹ̀. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán tí mo sì dìde kírun, bí iwájú orí mi ṣe ń kan ẹní ni kíkan rẹ̀ ń dé ẹ̀yìn ahọ́n mi. Nígbà ààwẹ̀, n kì í padà sùn lẹ́yìn sààrì.

Ní ti oúnjẹ, ara kò dọ́gba. Ohun díndín, ẹlẹ́rìndòdò, kọfí, obì àti gàrí kíkan kò bá mi lára mu rárá. Ata rodo ńkọ́, mo ń jẹ ẹ́ ní ìwọ̀nba. Bí kánún bá pàdé ásíìdì, á hó di gáàsì nínú ikùn tí kò ní àyè, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀. Ewúro inú ọbẹ̀ kò burú, àmọ́ kì í ṣe oògùn èyí. Àwọn oògùn ara ríro tí wọ́n ń dì pọ̀ sínú ọ̀rá ni mo bẹ̀rù jù, torí ibuprofen tàbí diclofenac lè wà níbẹ̀, wọ́n sì ń dá egbò sí ikùn; paracetamol ni kí ẹ fi rọ́pò.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ má kàn máa fi oògùn lé oògùn. Ní ilé ìwòsàn kan, ọgbẹ́ inú ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń kọ oògùn fún mi láì wo inú mi rí. Endoscopy ni kí ẹ béèrè, èyí tí wọ́n ń fi okùn oníkámẹ́rà gba ẹnu wo ọ̀nà oúnjẹ títí dé ikùn. IFSO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ abẹ ìsanra, dámọ̀ràn pé kí ẹni tó ṣe sleeve ṣe é ní ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó sì máa tún un ṣe ní ọdún 2 sí 3, bí àyà kò tilẹ̀ ta á, nítorí pé ásíìdì lè yí awọ ìsàlẹ̀ ọ̀nà oúnjẹ padà di ohun tí wọ́n ń pè ní Barrett's, tí ó lè di jẹjẹrẹ. Kí wọ́n yẹ H. pylori, kòkòrò àìfojúrí tó ń dá egbò sí ikùn, wò pẹ̀lú. Fọ́tò X-ray tí wọ́n ń yà lẹ́yìn tí ènìyàn bá mu barium, omi funfun tó ń jẹ́ kí inú hàn nínú fọ́tò, ló máa ń fi hàn bí sleeve bá fún tàbí tí ó lọ́ níbì kan. Bí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, tí ẹ bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ yín dúdú kirikiri, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní tèmi, wọ́n rí i pé apá kan sleeve ti gba ihò inú awọ tó pààlà àyà àti ikùn yọ́ lọ sókè. Oníṣẹ́ abẹ fà á padà, ó rán ihò náà, ó sì sọ sleeve di gastric bypass: àpò kékeré kan ló kù lókè, wọ́n so ó mọ́ ìfun, ásíìdì tó lè gòkè kò sì tó nǹkan mọ́. Àwọn kan ń ka ìyípadà yìí sí ìjákulẹ̀. N kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Omi kíkan lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ ohun dídùn púpọ̀, àyà mi á máa lù kì kì, òógùn á bò mí, vitamin sì ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé mi. Kí ẹ tó lọ bá oníṣẹ́ abẹ, ẹ gba ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ yín, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ àkókò tí ẹ ń jẹun, èyí tí ẹ ń lo oògùn àti èyí tí omi náà ń dé sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn.