Ṣé ọjọ́ kan tó láti fi mọ́tò yí Island po? Ìbéèrè òǹkàwé kan àti ìdáhùn mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ìyànà Ìpájà là ń gbé. Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ láti London pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì, a fẹ́ fi Sienna wa gbé wọn yí Island po lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹnì kan fi lísìtì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: Bar Beach, Ilojo Bar, Tarkwa Bay, Nike Art Gallery, Lekki Conservation, Elegushi, ká wá fi Point of No Return ní Badagry kádìí ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ká má wulẹ̀ yà sí Ìsàlẹ̀ Èkó torí ọjà àtàwọn ọmọ ìta nìkan ló wà níbẹ̀, àti pé tó bá jẹ́ December ni, a máa rí Ẹ̀yọ̀. Báwo la ṣe máa to ọ̀nà yẹn tí mọ́tò ò fi ní jẹ epo jù? Àwọn ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ o.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ètò àlejò, àbúrò mi. Màá dáhùn ti epo, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jà lórí lísìtì yẹn ná, torí kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni mo fi ń jẹun ní Èkó níbí, àwọn oníbàárà tó ń gbé irú ẹ̀ wá bá mi ti pọ̀ débi pé bí wọ́n bá ti ń kà á ni mo ti ń bá wọn parí ẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ò tẹ ẹsẹ̀ débẹ̀ rí, mo lè búra.

Ẹ wò ó. Bar Beach tó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ ò sí mọ́, iyanrìn ni wọ́n fi dí òkun ibẹ̀, orí ẹ̀ ni Eko Atlantic wà báyìí. Ilojo Bar ńkọ́? Ilé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé, tí wọ́n kọ́ ní 1855 ní Tinúbú Square, tí ìjọba fúnra wọn kéde ní 1956 pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni, wọ́n gbé katapílà wá wó o lulẹ̀ ní September 2016, lọ́jọ́ Sunday tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tarkwa Bay, kò sí títì kankan tó débẹ̀, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀. Point of No Return, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́, ẹ̀yìn ọ̀sà Badagry ló wà, ìyẹn náà ọkọ̀ ojú omi ni. Ibi méje tí wọ́n kọ fún yín, méjì ti kú, méjì mọ́tò ò lè débẹ̀, wọ́n wá ní kẹ́ ẹ to ọ̀nà. Ọ̀nà wo?

Ohun tí mo fẹ́ bá yín yọ kúrò lọ́kàn ni pé Island jẹ́ ohun tí wọ́n ń jókòó sínú mọ́tò wò. Àwa ará Èkó ti sọ gbogbo ibi tó bá ti kọjá Third Mainland di Island, Ajah náà Island, Sangotedo náà Island. Lékkí kì í ṣe erékùṣù rárá, ilẹ̀ gbọọrọ kan ni tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun títí lọ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Victoria Island ló jẹ́ erékùṣù tẹ́lẹ̀, wọ́n wá dí irà tó wà láàárín òun àti Lékkí. Ìkòyí náà, omi kan wà tó là á sọ́tọ̀ kúrò lára Èkó tí wọ́n ń pè ní MacGregor Canal, wọ́n dí ìyẹn náà. Èkó gidi, tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Èkó, ni Ìsàlẹ̀ Èkó, Marina, Oníkàn, Pópó Àgùdà. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kẹ́ ẹ má yà sí, áà!

Òótọ́ ni pé tẹ́ ẹ bá fi Sienna wọ Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ Sátidé, ohun tẹ́ ẹ máa fi han àlejò yín ò ní ju ẹ̀yìn dánfó, alábàárù tó ń pariwo "àgò lọ́nà o," àti agbèrò tó ń lu bọ́nẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ máa jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó rí ibi tẹ́ ẹ máa gbà jáde, tẹ́ ẹ bá sì ṣèèṣì wọ one-way, LASTMA ń dúró dè yín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, inú mọ́tò ni wọ́n wà.

Nítorí náà, ẹ yí i sí ọjọ́ Sunday. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Balógun àti Ìdúmọ̀tà máa ń tì lọ́jọ́ yẹn, títì á sì mí. Ẹ gbé mọ́tò sí Oníkàn, níbi tó ní géètì àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ rìn.

Oníkàn yẹn nìkan tó jẹ àárọ̀ yín. National Museum wà níbẹ̀, Kenneth Murray ló dá a sílẹ̀ ní 1957. Ohun tí mo máa ń mú àwọn ọmọ lọ wò kí wọ́n tó rẹ̀ wọ́n ni Mercedes dúdú tí Murtala Muhammed wà nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á ní February 13, 1976. Ojú ọta ṣì wà lára gíláàsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn dáadáa, kí wọ́n wo bí àwọn ihò yẹn ṣe kéré tó. Àwọn ọmọ tó ń sáré kiri tẹ́lẹ̀ máa ń dákẹ́ síbẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tó le, kẹ́ ẹ ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni John Randle Centre wà, ilé àṣà àti ìtàn Yorùbá. Dókítà John Randle ló kọ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ ní 1928, torí omi ń gbé àwọn ọmọ Èkó lọ, ó fẹ́ kí wọ́n mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Mo máa padà sórí ọ̀rọ̀ omi yìí.

Látibẹ̀, Tafawa Balewa Square kò jìnnà, pápá tí wọ́n ti ń sá ẹṣin tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀ ní 1960. Kẹ́ ẹ wá já sí Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni o, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba òyìnbó, Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ibi ìgbafẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn nígbà yẹn ni wọ́n gbé orí ìtàgé sí báyìí, àwọn èèyàn ń jó níwájú ẹ̀. Àwọn kan ní kò bójú mu. Lójú tèmi, kò sóhun tó bójú mu tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó tẹ̀síwájú.

Pópó Àgùdà ló kàn, ibi tí ọkàn mi wà nìyẹn. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn àti ọmọ wọn wá rọ́nà padà wálé, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí: Campos, Bámgbóṣé, Tòkunbọ̀, Kakawa. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n bá dé, bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Ẹ máa rí fèrèsé tí orí ẹ̀ rí roboto, ilẹ̀kùn gíga, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sára ògiri. Ní Kakawa, ẹ bèèrè Water House, ilé àwọn da Rocha. Kànga tó wà níbẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń ra omi nígbà tí ẹ̀rọ omi ò tíì dé Èkó. Ilé onílé ni o, ìta lẹ máa ti wò ó, àfi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wọlé. Tí ìrìn yín bá bọ́ sí Good Friday, tí ẹ sì mọ ọmọ Àgùdà kankan, ẹ wá bẹ́ ẹ ṣe máa jẹ fúrẹjọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi omi àgbọn sè, pẹ̀lú ẹja. Ẹ̀wà tó dùn ni, kì í ṣe gbogbo ẹnu ló gba nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣá.

Àwọn ọmọ London yẹn, ẹ mú wọn dé Cathedral ní Marina, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé Prince of Wales ló fi òkúta ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, ọdún 1946 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ tán. Kẹ́ ẹ wá kọjá Tinúbú Square lọ sí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street. Ní July 1894 ni wọ́n ṣí i. Mohammed Shitta, oníṣòwò ńlá, ló fi owó ara ẹ̀ kọ́ ọ, Àgùdà ọmọ ìjọ Kátólíìkì kan tó ń jẹ́ João da Costa sì ni olórí àwọn tó mọ ọ́n. Abdullah Quilliam, òyìnbó ará Liverpool tó ti di Mùsùlùmí, ló wá láti ṣojú Sultan ilẹ̀ Turkey lọ́jọ́ ìṣílé, òun ló gbé oyè Bey wá fún Shitta. Ẹ dúró ní òdì kejì títì kẹ́ ẹ wo iwájú ẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá ń kírun lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù.

Tí ẹsẹ̀ bá ṣì gbà yín, Ìgà Ìdúngànràn ò jìnnà, ààfin Ọba Èkó, lórí ilẹ̀ tí olóyè Arómirẹ́ ti ń gbin ata nígbà láéláé. Ààfin tí ọba ń lò ni o, kì í ṣe músíọ́mù. Ẹ má gbé fóònù sókè lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ láìtọrọ àyè.

Ní ti àwọn ọmọ ìta, n ò ní parọ́ fún yín, wọ́n wà. Ẹ mú ọmọ àdúgbò kan tẹ́ ẹ mọ̀ dání, ẹ fi fóònù sápò, ẹ má yà sí kọ̀rọ̀ tí ẹ ò mọ̀, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. N ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹni tó bá kí èèyàn dáadáa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n máa ń dá a lóhùn dáadáa.

Ti Ẹ̀yọ̀, ẹni tó ní gbogbo December ni wọ́n ń ṣe é ń tan yín. Adámú Òrìṣà, orúkọ mìíràn tí Ẹ̀yọ̀ ń jẹ́, kì í ṣe ọdún ọdọọdún, wọ́n máa ń ṣe é láti fi bọlá ìkẹyìn fún ọba tàbí èèkàn ìlú tó ti lọ, ó sì lè tó ọdún mélòó kan kó tó tún jáde. February 1854 ni wọ́n ń kà sí àkọ́kọ́, fún Ọba Akítóyè. Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú torí ẹ̀, ẹ dúró kí ìlú kéde ọjọ́. Tó bá sì bọ́ sí i, èèwọ̀ ẹ̀ wà: kò sí sálúbàtà lẹ́sẹ̀, kò sí irun ṣùkú, kò sí sìgá, kò sí ọ̀kadà. Ọ̀pá ọwọ́ Ẹ̀yọ̀ kì í béèrè bóyá London lẹ ti wá.

Ní Monday tàbí ọjọ́ mìíràn, ẹ wá gbé Sienna lọ sí Lékkí, ibẹ̀ ni mọ́tò wúlò. Lekki Conservation Centre kọ́kọ́, ní kùtùkùtù, lọ́ọ̀ọ́kán Chevron. Afárá onígi tó wà lókè igi níbẹ̀ gùn tó mítà 401, ó máa ń mì o, ẹni tí òyì ń kọ́ kó má gùn ún. Ẹ má gbé bísíkíìtì lọ́wọ́ níwájú àwọn ọ̀bọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà sí Nike Art Gallery ní Ikate, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Owó ìwọlé àwọn ibi yòókù máa ń yí padà, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra.

Elegushi, ẹ lọ jẹ súyà, ẹ gun ẹṣin, kẹ́ ẹ máa wo òkun. Kí ọmọ kankan má wọ omi ibẹ̀. Mo rí i tẹ́ ẹ kọ pé wọ́n mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Inú pool ni wọ́n ti kọ́ ọ. Omi tí ìgbì ń gbé wá sí bèbè gbọ́dọ̀ padà, ojú kan ló sì sábà máa ń gbà padà, tó ń fà bí ẹni ń wọ́ okùn. Ojú ibẹ̀ máa ń dà bíi pé ó parọ́rọ́ ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an lọmọdé máa fẹ́ dúró, omi tí ò ju ìbàdí lọ á sì gbá a lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti kó sí i, kó má bá omi jà tààrà sí èbúté, ẹ̀gbẹ́ ni kó lúwẹ̀ẹ́ sí kó tó yí padà sí bèbè. Tí wọ́n bá dandan fẹ́ wọ omi, Tarkwa Bay ló rọ̀ jù, torí ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà èbúté ń dá ìgbì dúró. Kí àgbàlagbà wà nínú omi pẹ̀lú wọn síbẹ̀síbẹ̀, mo ti sọ tèmi.

Ní ti epo, ẹ̀yin náà ti rí i báyìí pé lọ́jọ́ Sunday yẹn, àtilọ Oníkàn àti àtibọ̀ nìkan ni mọ́tò máa rìn. Badagry, ẹ̀yin ará Ìyànà Ìpájà ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Third Mainland tẹ́ ẹ bá ń lọ, Mile 2 ni kẹ́ ẹ gbà, ọjọ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ tán ní 1845, ná, kẹ́ ẹ tó sọdá sí Gberefu tí Point of No Return wà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn lórí iyanrìn tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé omi dání. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tí ò bá ní life jacket tó bá àwọn ọmọ mu, ẹ má wọ tiẹ̀, kódà kó ní ọ̀fẹ́ lòun máa gbé yín.