Èsì: Ibo ni kí ṣọ́ọ̀ṣì ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àyíká?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Bàrígà ń wá ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀, àti pé àwọn kan sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni ìtọ́jú àyíká. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 2:15 fún wọn: Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà kó máa ro ó, kó sì máa ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ ìkórè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí wọ́n bá jẹun tán, ẹ yọjú sí gọ́tà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì: ọ̀rá piọ-wọ́tà, ike mínírà, àwo fóòmù tí ìjọba Èkó ti fòfin dè láti 2024. Tí òjò bá dé, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn náà ló máa dí ojú àgbàrá, omi á sì ya wọlé àwọn aládùúgbò. Ẹ gbé omi sínú kúlà ńlá, kí kálukú mú ife tiẹ̀ wá. (Ìyá Ìjọ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ ọ́, àwọn ló ń ra abọ́!)

Ti jẹnẹrétọ̀, tí ẹ bá fẹ́ fi sólà rọ́pò rẹ̀, ẹ má tíì dá ti gbogbo ilé ìsìn lé, owó gọbọi ni. Ti ọ́fíìsì nìkan tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìjọ lágbàáyé ń fi 1 Oṣù Kẹsàn-án sí 4 Oṣù Kẹwàá gbàdúrà fún ìṣẹ̀dá. Ẹ fi kíkó gọ́tà kún tiyín, kí pásítọ̀ fúnra wọn mú ṣọ́bìrì.