Mo bá kapọ́ọ̀tì nínú àpò ọmọ mi

Ìbéèrè: Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mò ń gbé. Mo fẹ́ fọ aṣọ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ni mo bá bá kapọ́ọ̀tì (kọ́ńdọ́ọ̀mù) méjì nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ń wá ẹgba. Aládùúgbò wa tún ní rọ́bà yìí kì í dá àrùn dúró, pé kòkòrò Sídà (HIV) ń gba ara rẹ̀ kọjá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ bá mi bẹ bàbá wọn kí wọ́n fi ẹgba sílẹ̀. Ọmọ tí a bá nà nítorí kapọ́ọ̀tì kì í fi obìnrin sílẹ̀, kapọ́ọ̀tì ló máa ń fi sílẹ̀.

Ohun tí aládùúgbò yín sọ kì í ṣe òótọ́. Kòkòrò Sídà kò lè la rọ́bà tí kò ya kọjá. Ẹni tó bá ń lò ó bó ti yẹ, ní gbogbo ìgbà, ó ń dáàbò bò ó gan-an lọ́wọ́ Sídà, àtọ̀sí àti oyún. Àwọn àrùn tó ń ràn láti ara sí ara, bí egbò sìfílísì àti HPV (kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ), ló kù: rọ́bà ń dín wọn kù, ṣùgbọ́n wọ́n lè ràn láti ibi tí kò bò.

Bí àwọn ọmọ ṣe ń lò ó ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ń fi òrí tàbí àdí pa á kó lè máa yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un: òróró ń ba rọ́bà jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fasilíìnì náà ń bà á jẹ́, á sì ya. Ohun ìyọ̀ tí wọ́n fi omi ṣe ni kó rà ní fáámásì. Ooru náà ń pa á lára, nítorí náà àpò ṣòkòtò àti abẹ́ ìjókòó alùpùpù kọ́ ni ibi ìpamọ́ rẹ̀. Kó wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára páálí. Kò gbọdọ̀ wọ méjì lé ara wọn, kò sì gbọdọ̀ lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Kó fún orí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde bó bá ń wọ̀ ọ́. Bó bá parí, kó di ìdí rẹ̀ mú, kó sì yọ ọ́ kúrò kí nǹkan tó rọ̀.

Bó bá ya ńkọ́? Kí àwọn méjèèjì sáré lọ sí ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, nítorí oògùn kan wà tó ń dènà Sídà, ó sì dára jù bó bá tètè yá. Oògùn tí ọmọbìnrin náà máa lò kó má bàa lóyún ṣì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dúró. Kí wọ́n má ra kápúsù àtọ̀sí lójú títì. Ọ̀pọ̀ àtọ̀sí kì í fi àmì hàn lára obìnrin, ó sì lè ba ilé ọmọ jẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lálẹ́ òní, ẹ̀yin méjì péré. Ẹ sọ fún un pé kò sí ìtìjú nínú kéèyàn dúró dìgbà tó bá dàgbà, àti pé bí ọmọbìnrin bá ní òun kò fẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín. Ẹ̀yin, ẹ jókòó síta, kí òun nìkan wọlé.