Èsì: Ọjọ́ mélòó, táyà wo, fún King Alfred's Way?

Ẹ kú ètò ìrìn àjò o. Ẹ béèrè bóyá ọjọ́ mẹ́ta tó láti gun kẹ̀kẹ́ yí King Alfred's Way, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan ní gúúsù England, ká pẹ̀lú àgọ́, lórí táyà 28 mm. Kò tó, táyà yẹn náà kò sì yẹ ẹ́. 350 km ni ọ̀nà náà, láti Winchester padà sí Winchester, ibi tí kò ní ọ̀dà sì pọ̀ gan-an. Ẹ fún un ní ọjọ́ márùn-ún.

Táyà 40 mm ni kó kéré jù. Láti abúlé Avebury dé Goring, lórí Ridgeway (ọ̀nà àtijọ́ kan tó jẹ́ apá kan ìrìn náà), ilẹ̀ ẹfun ni, òkúta olójú mímú inú rẹ̀ a sì máa gé ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ mú tíúbù méjì àti ègé táyà àtijọ́ tí ẹ ó tẹ́ sínú ibi tó bá ya. Bí òjò bá rọ̀, ẹfun yìí á yọ̀ bí ọṣẹ, á sì dí abẹ́ mọ́dígáàdì títí táyà ò fi ní yí mọ́. Ẹ yọ mọ́dígáàdì sílé.

Orí òkè ni Ridgeway gbà, àwọn abúlé wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ omi sì ṣọ̀wọ́n: ẹ gbé lítà mẹ́ta.

Òfin ò gba kí ẹ pàgọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ, nítorí náà ẹ tètè gba àyè ní ibi ìpàgọ́, pàápàá fún oṣù Kẹjọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kọjá Avebury. Òun àti Stonehenge ní àwọn òkúta ńlá tí àwọn ará àtijọ́ gbé nàró. Ní Stonehenge, okùn ló máa ń dá èrò dúró; ní Avebury, ẹ lè fọwọ́ kan àwọn òkúta náà.