Ìbéèrè Yín Lórí Oúnjẹ: Músítádì Tí Kò Ta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi fẹ́ràn láti máa fi músítádì jẹ sọ́séèjì àti ẹran sísun, mo sì rò ó pé ó yẹ kí n lè ṣe é fúnra mi dípò kí n máa ra ti inú ìgò. Mo ra hóró rẹ̀ ní ìsọ̀ àwọn ará Íńdíà ní àdúgbò wa, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo da omi gbígbóná sí i, mo sì gbé e kaná díẹ̀ kí ó lè jinná. Ó korò, kò sì ta rárá. Ṣé hóró náà ló ti pẹ́ jù ni, àbí kí ni mo ṣe tí kò tọ́? — Ìyá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdáná, Ìyá Ìbejì. Èmi kò rò pé hóró yín ló pẹ́. Omi gbígbóná àti iná ni wọ́n bà á jẹ́. Bí a ṣe ń se ata ni ẹ ṣe se músítádì, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ì bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé títa ata rodo ti wà nínú rẹ̀ láti orí igi, bí a tilẹ̀ sè é fún wákàtí púpọ̀, yóò ṣì ta. Ti músítádì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé hóró rẹ̀ gbígbẹ mì láìrún un, kò ní mọ̀ pé ohun tó ń ta ni òun jẹ, nítorí pé títa náà kò tíì sí níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èròjà méjì kan wà nínú hóró náà: sinigrin ni orúkọ èkíní, èkejì sì ni myrosinase, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú èkíní palẹ̀. Ìgbà tí a bá fọ́ hóró náà tí omi sì kàn án ni àwọn méjèèjì tó pàdé, ibẹ̀ ni òróró tó máa ń ta ènìyàn gba imú dé ojú ti ń jáde. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ nínú alùbọ́sà, tí kì í ta wá lójú àfi tí ọ̀bẹ bá kàn án. Omi gbígbóná tí ẹ lò ti pa myrosinase kí ó tó ráyè ṣiṣẹ́, ìkorò nìkan ló sì kù.

Omi tútù ni kí ẹ lò. Ẹ lọ hóró náà ní gbígbẹ, ẹ fi omi tútù pò ó títí yóò fi ki, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, torí àsìkò yìí ni títa rẹ̀ máa ń le jù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá da fínígà àti iyọ̀ sí i, nítorí pé fínígà ló ń dá iṣẹ́ àwọn èròjà náà dúró, tí kì í sì í jẹ́ kí títa náà tètè lọ. Bí ẹ bá da fínígà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò tutù lẹ́nu, àwọn kan sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, músítádì tí kò lè mú omi jáde lójú ènìyàn kò yẹ ní ohun tí à ń ṣe wàhálà lé lórí.

Bí ó bá jẹ́ èyí tí hóró ṣì wà nínú rẹ̀ ni ọkọ yín fẹ́, ẹ rẹ 100 gíráàmù hóró sínú omi àti fínígà, mìlílítà 100 níkọ̀ọ̀kan, fún ọjọ́ kan sí méjì. Ìgò tàbí abọ́ tánganran ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, ẹ má ṣe lo abọ́ alumíníọ̀mù, nítorí fínígà máa ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ó bá wú, ẹ lọ ìdajì rẹ̀, kí ẹ fi iyọ̀ àti oyin díẹ̀ sí i. Ọlọ dára fún un ju ẹ̀rọ lọ, bí ẹ bá rí i ní Peckham.

Ẹ má jẹ́ kí ìkorò ọjọ́ àkọ́kọ́ dẹ́rù bà yín, nítorí pé gbogbo músítádì tuntun ló máa ń korò. Ẹ dé e pa sínú fíríìjì fún ọjọ́ díẹ̀, yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má sì ṣe da ṣúgà lé e lórí.

Hóró tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń ta gba imú; èyí tó pọ́n rúsúrúsú kò le tó bẹ́ẹ̀. Hóró aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe músítádì Dijon ní ilẹ̀ Faransé, Kánádà sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ìdí nìyẹn tí ọ̀dá òjò tó jà níbẹ̀ ní ọdún 2021 fi sọ músítádì di ọ̀wọ́n fún àwọn ará Faransé ní ọdún 2022.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí músítádì ilé ìtajà fi máa ń pọ́n rúsúrúsú, tí tèmi sì ṣú? — Akẹ́kọ̀ọ́, Manchester.

ÌDÁHÙN: Ata ilẹ̀ pupa ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun rẹ̀ yóò sì ṣe é fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síbi ìnáwó, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò, nítorí pé ara àwọn kan kì í gbà á, ó sì wà lára oúnjẹ 14 tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí olóúnjẹ máa fi tó oníbàárà létí.